Ẹ Dágbére Kí Ẹ Tó Kó Ẹrù: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ọmọ Tó Fẹ́ Fi Ilé Òbí Wọn Sílẹ̀

Ẹrù ni èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì kọ́kọ́ kó nígbà tó di pé ká fi ilé tí wọ́n ti tọ́ wa sílẹ̀. Màmá ti lọ, Bàbá tẹ̀lé e, ilé sì ti ní ẹni tó fẹ́ rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń di páálí, tí à ń gbé, tí à ń sọ̀. Ọjọ́ tí ilé ṣófo tán la wá sọ fún ara wa pé ó yá, ẹ jẹ́ ká dágbére. A wọ pálọ̀, ohùn wa ń ta padà lára ògiri. Àga Bàbá ti lọ, aago ti lọ, òórùn Màmá tó máa ń wà lára kọ́tìnì ti bá kọ́tìnì lọ. Àbúrò mi obìnrin wò yíká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta la wá kí níbí?" Mi ò rí èsì fún un.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni mo fi ń ṣe ìtọ́sọ́nà yìí. Ilé tí ẹ fẹ́ dágbére fún, ọjọ́ tí àga àkọ́kọ́ bá jáde ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ kí i pé ó dìgbóṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹrù kankan. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lórí ètò yẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún á wà, ẹ má dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ojú máa ríran lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì mọ ẹni tó láṣẹ

Kí ohunkóhun tó jáde nínú ilé, ẹ wádìí bóyá àwọn òbí yín kọ ìwé ìhágún, àti ẹni tí wọ́n yàn láti mójú tó o. Bí kò bá sí ìwé, òfin ibi tí ilé wà ló máa sọ ẹni tí ilé ẹjọ́ lè fún láṣẹ. Gbèsè tí òkú bá fi sílẹ̀ la sábà máa ń san kí a tó pín ohun tó kù, nítorí náà ohun tí ẹ rí nínú ilé kò tíì di tiyín tán. Ẹni tó bá yọ́ gbé tẹlifíṣọ̀n lọ lè rò pé nǹkan kékeré lòun ṣe. Irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń mú kí ọmọ ìyá má kí ara wọn mọ́.

Ẹ ka iye kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kí ẹ gba èyí tó yẹ kí ẹ gbà. Bí ilé bá ní ìbánigbófò, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yìí kan náà, torí ọ̀pọ̀ àdéhùn ló máa ń dín ààbò kù bí ilé bá ti wà láìsí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ fún 30 tàbí 60 ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé ibẹ̀ mọ́, ẹ ti omi pa níbi tí páìpù ti wọlé, kí jíjò má bàa ba nǹkan jẹ́ nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná mànàmáná wà ní tiẹ̀, ẹ máa nílò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jókòó sọ̀rọ̀ nígbà tí kò tíì sí páálí nínú yàrá

Òrùlé kan ló bo gbogbo yín, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé tí kálukú yín gbé. Àkọ́bí mọ ilé náà nígbà tí àwọn òbí ṣì lágbára, tí owó ò sì sí. Àbíkẹ́yìn mọ̀ ọ́n nígbà tí irun wọn ti funfun, tí ilé sì ti dákẹ́. Ẹnì kan rántí ẹ̀rín, ẹnì kan rántí ẹgba. Bí ẹ ò bá sọ eléyìí síta ní kùtùkùtù, ẹ ó máa jà lórí ṣíbí nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà nílẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ ni ẹni tó gbé pẹ̀lú àwọn òbí títí wọ́n fi kú. Ẹ̀yin tó kù ń dágbére fún ibi tí ẹ ti wá. Òun ń pàdánù ibi tó ń sùn sí, ó sì ṣeé ṣe kó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó ti fi ọdún púpọ̀ gbé òbí dìde lórí ibùsùn lóru. Ẹ bi í ní gbangba pé: níbo lo máa wà ní oṣù mẹ́ta òní? Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn sí ìyẹn wà nílẹ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́ tí ilé máa kúrò lọ́wọ́ yín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi èyí sí ẹ̀yìn, tí àbúrò tó tọ́jú òbí wá dà bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ilé náà kò dùn mọ́ nínú ńkọ́? Ẹ má fipá mú un wọlé. Ó lè jẹ́ pé ẹnu géètì ló máa dúró sí, tàbí pé nǹkan kan ṣoṣo ló fẹ́ wá mú. Ìdágbére ni ìyẹn náà.

Lẹ́yìn náà, kí kálukú dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí o bá di ojú, kí lo kọ́kọ́ rí nínú ilé yìí? Kí lẹ̀rù ń bà ọ́ pé o máa gbàgbé? Kí lo ò fẹ́ rí mọ́ láé? Kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn lẹ máa lò ní ọjọ́ ìdágbére, òun náà lẹ máa padà sí nígbà tí ẹ bá ń pín nǹkan. Ní ti ọkọ àti ìyàwó yín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi nílé lọ́jọ́ yìí. Ẹ máa nílò ọwọ́ wọn nígbà tó bá di ẹrù gbígbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ jọ dàgbà níbẹ̀ ló ni ín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọjọ́ ìdágbére, nígbà tí ohun gbogbo ṣì wà ní àyè rẹ̀

Ẹ yan ọjọ́ kan odindi tí ẹ ò ní gbé ohunkóhun. Ẹ má mú páálí wá, ẹ má mú àpò ìdọ̀tí wá. Bí ẹ̀yìnkùlé lẹ máa ń gbà wọlé nígbà èwe yín, ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ gbà lónìí.

Kí kálukú kọ́kọ́ dá nìkan rìn yíká ilé. Wákàtí kan ò pọ̀ jù. Kí o jókòó síbi tó o máa ń jókòó sí. Dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá tó o ń sùn, kí o wo àjà, torí àjà yẹn lo wò jù nígbà tó o wà ní kékeré. Bí o bá fẹ́ bá àwọn òbí rẹ sọ̀rọ̀ sókè, sọ ọ́.

Kí ẹ tó wá rìn pọ̀, kí kálukú mú bébà, kó ya àwòrán ilé náà láti inú orí rẹ̀, láìwo ti ẹnìkejì: yàrá, ilẹ̀kùn, igi, ibi tí o máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ wá kó wọn jọ. Ó máa yà yín lẹ́nu. Àbúrò mi ọkùnrin ya ilé ìdáná tóbi ju pálọ̀ lọ, torí ibẹ̀ ló máa ń wà lẹ́bàá Màmá. Bébà mẹ́ta yẹn wà lọ́wọ́ mi di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí ilé ti lọ la yà á, mo sì kà á sí ju ìwé ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá jọ ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, kí kálukú sọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí fóònù kan máa gba ohùn yín sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún rẹ ara sílẹ̀, kí ẹ yà á ní nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀, níbi tí ojú ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń wà. Ilé tí ẹ rántí nìyẹn, ìsàlẹ̀ tábìlì àti ibi tí ọwọ́ ń di ilẹ̀kùn mú. Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ ya inú wọn bí àwọn òbí yín ṣe tò ó. Ìwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí yà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ìyá yín ṣì wà nínú bí ó ṣe ká táwẹ́ẹ̀lì.

Ẹ gba àwọn ohùn ilé sílẹ̀ pẹ̀lú, ìṣẹ́jú kan sí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: géètì, ilẹ̀kùn tó ń han, omi ẹ̀rọ (bí ẹ bá ti tì í pa, ẹ ṣí i díẹ̀), òjò lórí òrùlé bí ó bá rọ̀. Bí wọ́n bá máa ń fi lẹ́ẹ̀dì sàmì gíga yín sára férémù ilẹ̀kùn, ẹ na tépù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ẹ sì fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó láti da gbogbo àmì náà kọ pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Ẹni tó ń ra ilé lè gbà kí ẹ tú igi náà lọ, tí ẹ bá fi tuntun rọ́pò. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ béèrè.

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà tí òórùn ń gbà dé inú ọpọlọ kúrú. Ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ máa ń gba ibì kan tó dà bí ibùdókọ̀ nínú ọpọlọ kọjá ná, ṣùgbọ́n ibi tí ọpọlọ ti ń gba òórùn wọlé ní ìsopọ̀ tààrà pẹ̀lú àwọn apá tó ń mójú tó ìmọ̀lára àti ìrántí. Ìdí nìyẹn tí òórùn ìborùn kan fi lè bì ọ́ wó. Ẹ mú aṣọ kan tí wọn ò tíì fọ̀, kí ẹ fi sínú ìgò onídèérí tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ má máa ṣí i lójoojúmọ́. Kò ní wà títí láé, ṣùgbọ́n á pẹ́ díẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ tan gbogbo iná ilé, kí ẹ jáde síta, kí ẹ dúró lókèèrè wò ó. Bí ọmọ ìyá yín kan bá wà lókè òkun, ẹ pè é lórí fídíò nísinsìnyí, kí ẹ jẹ́ kó máa darí yín: "Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ gbé e sókè díẹ̀." Ẹ má yára. Òun ló ní ilé yẹn ní ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tó lè parẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà là

Kí ẹnikẹ́ni tó fagi lé nọ́ńbà fóònù Bàbá tàbí Màmá, ẹ rántí pé ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí a kò lò mọ́, àti pé orí símù yẹn ni báńkì àti ímeèlì ṣì lè máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ẹ má nu inú fóònù náà. Ẹ máa fi owó díẹ̀ sí i títí tí ọ̀rọ̀ ogún á fi parí. WhatsApp máa ń pa àkáǹtì tí a kò lò fún 120 ọjọ́ rẹ́, Google sì lè pa èyí tí a kò lò fún ọdún 2 rẹ́. Ẹ wá inú fóònù tiyín náà. Ohùn tí ìyá yín fi ránṣẹ́ pé "ṣé o ti jẹun?" wà níbẹ̀, ẹ kó o síta sínú kọ̀ǹpútà lónìí.

Fọ́tò bébà: bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, 300 dpi (ìyẹn iye ẹ̀kán tí ẹ̀rọ ń kà nínú ínǹṣì kan) tó fún fọ́tò tó tóbi, 600 ló dára fún kékeré tí ẹ lè fẹ́ sọ di ńlá. Álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù tí ọ̀rá sì bò ó máa ń ba fọ́tò jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi èékánná ṣí i. Okùn tí a fi ń nu àárín eyín, èyí tí kò ní òróró tàbí adùn, ni kí ẹ fà kọjá lábẹ́ fọ́tò náà bí ayùn, á tú jẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, torí gègé ń hàn síwájú. Ẹ tọ́jú nẹ́gátíìfù. Bí téèpù kásẹ́ẹ̀tì tàbí ti fídíò bá ní ohun funfun tó dà bí òwú lára, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé ọ̀tọ̀. Ẹ sì gbé fọ́tò náà lọ bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí yín tó ṣì wà láyé, kó dárúkọ àwọn ojú tí ẹ ò mọ̀. Òun náà ò ní wà títí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Pínpín

Ohun tó níye lórí lọ́jà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n díye lé e, kí ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí ìwé ìhágún tàbí òfin bá ṣe sọ. Ibi tí ìjà máa ń wà gan-an ni ohun tí kò tó nǹkan lọ́jà: ìkòkò tó ti dúdú, jígí, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ ṣẹ́ kèké mọ ẹni tó máa ṣáájú, kí ẹ yí i padà ní ẹsẹ̀ kejì: kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, èkejì, kìíní. Ẹni tó kẹ́yìn á fi bẹ́ẹ̀ mú méjì tẹ̀ léra, kò sì ní rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá fẹ́ nǹkan kan náà ńkọ́? Ọ̀nà kan wà tí onímọ̀ ìṣirò ọmọ Poland kan, Bronisław Knaster, gbé kalẹ̀, tí akẹgbẹ́ rẹ̀ Hugo Steinhaus sì kọ jáde ní 1948. Kálukú á kọ iye tí nǹkan náà tó lójú rẹ̀ sínú bébà, á ká a. Ká ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni, àkọ́bí kọ 90, èkejì kọ 60, àbíkẹ́yìn kọ 30. Àkọ́bí ló gbé ẹ̀rọ, torí iye tirẹ̀ ló ga jù. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ìyẹn 30, 20 àti 10. Ohun tó wà lọ́wọ́ àkọ́bí tó 90, ìpín rẹ̀ jẹ́ 30, nítorí náà á gbé owó 60 sáàárín. Èkejì á mú 20 níbẹ̀, àbíkẹ́yìn á mú 10. Ó ku 30, ẹ pín in ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, àkọ́bí san 50, èkejì gba 30, àbíkẹ́yìn gba 20, kálukú sì fi 10 jèrè lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà sí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú yín bá lówó ju àwọn tó kù lọ, ẹ má lò ó, torí òun ni yóò máa gbé ohun gbogbo. Ẹ padà sí kèké.

Ẹni tó tọ́jú òbí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mú nǹkan kan kí kèké tó bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè yí mi lọ́kàn padà lórí rẹ̀. Ohun tó ṣeé dà kọ, bíi fọ́tò, lẹ́tà àti ìwé tí ìyá yín ń kọ ìnáwó sí, kí gbogbo yín ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kíkó ẹrù

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ní ìrántí púpọ̀: ilé ìwẹ̀, ibi ìkóhun-èlò-sí. Yàrá àwọn òbí ni kó kẹ́yìn. Wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń rẹ ọkàn débi pé ẹ ó máa ju ohun tó yẹ kí ẹ tọ́jú nù, ẹ ó sì máa jìyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹ wo àpò aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn férémù, abẹ́ dúrọ́ọ̀, inú bàtà, inú ìrọ̀rí, kí ẹ sì ṣí ìwé ní ewé-ewé. Àgbàlagbà máa ń fi owó àti ìwé pàtàkì síbi tí olè ò ní wò. Ìwé tó ní nọ́ńbà báńkì tàbí ti ìdánimọ̀ lára, tí ẹ ò sì nílò mọ́, ẹ ya á wẹ́wẹ́. Oògùn, ẹ má dà á sómi, ẹ dá a padà fún ilé oògùn tó bá ń gbà á.

Kí kálukú ní páálí kan ṣoṣo fún ohun tí kò tíì mọ ohun tó máa fi ṣe. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ kọ ọjọ́ òní sí i, kí ẹ má ṣí i títí ọdún kan.

Bí igi tàbí òdòdó kan bá wà lẹ́yìnkùlé tí ẹ fẹ́ràn, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ ní tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, lábẹ́ oríkèé ibi tí ewé ti yọ, kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ tútù. Ẹ gé púpọ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa hù, kí ẹ sì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ilé tó lọ kí ẹ lè tún gé òmíràn.

Bí ilé bá ti lọ kí ẹ tó ka èyí

Bí ọ̀rọ̀ tiwa ṣe rí nìyẹn. Ẹ ṣì lè ya ilé náà láti inú orí, bí a ti ṣe. Ẹ ṣì lè pe aládùúgbò àtijọ́, kí ẹ béèrè bóyá ilé yín fara hàn lẹ́yìn fọ́tò tiwọn. Bí Google Street View, ìyẹn àwòrán òpópónà tí Google ń gbé sórí máàpù rẹ̀, bá dé àdúgbò yín, láti 2014 ni wọ́n ti jẹ́ kí èèyàn lè padà wo àwòrán àwọn ọdún tó ti kọjá níbẹ̀, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Àwọn kan ti rí òbí wọn níbẹ̀ tí ó ń gbálẹ̀ iwájú ilé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ kọ́kọ́rọ́

Ọjọ́ yìí kúrú, torí ẹ ti dágbére. Ẹ ka mítà iná àti ti omi, kí ẹ ya fọ́tò wọn. Ẹ sọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́ ibi tí lẹ́tà á máa gbà lọ. Ẹ kọ ìwé kékeré sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀: ibi tí wọ́n ti ń ti omi, fèrèsé tó máa ń le, igi tó máa ń so lọ́dọọdún. Kí ẹni tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn ló ti ilẹ̀kùn, àyàfi tó bá ní òun ò lè ṣe é.

Kí ẹ tó kúrò ní ẹnu géètì, ẹ dá ọjọ́ tí ẹ tún máa pàdé, àti ilé ẹni tó máa jẹ́. Inú ilé yìí lẹ ti máa ń rí ara yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè yín, ìyẹn sì ti parí báyìí. Ẹnì kan ní láti máa pe èkejì. Ilé àbúrò mi obìnrin la mú. Aago Bàbá wà lára ògiri rẹ̀, ó sì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sáré síwájú bí ó ti máa ń ṣe.